Ẹsẹ̀ Tí Mo Fi Lọ

Lọ́jọ́ tí mo ń kúrò ní Ìkìrun, Màámi bu omi tútù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ kọjá. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ tí o fi lọ ni wàá fi bọ̀." Mo ṣe àmín. Àdúrà tí gbogbo ìyá ń ṣe fún ọmọ tó ń lọ sí àjò ni, n kò sì fetí sí i ju bí ènìyàn ṣe ń fetí sí "ó dàárọ̀" lọ. Ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ ni. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, iṣẹ́ kò sí nílé, ẹnì kan sì sọ fún mi pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ń wá olùkọ́ ní Pọ́tákọ́ọ̀tù.

Wọ́n ti sọ fún mi pé òjò ìlú náà kì í mọ ìgbà tó yẹ kí òun dá, nítorí náà òjò kò yà mí lẹ́nu. Orúnkún mi ló kọ́kọ́ kó ìtìjú bá mi. Ọ̀gá ilé ìwé tí mo ti rí iṣẹ́ ní àdúgbò Elelenwo, ọmọ Ikwerre, onílẹ̀ ibẹ̀, ni, obìnrin tó sanra tí ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo kúnlẹ̀ kí i. Ó fà sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí wo ilẹ̀ yíká mi.

"Wetin fall?"

"Nothing, ma. I am greeting you."

"Ah! Greet me with mouth, abeg. I never old reach that one."

Àwọn olùkọ́ yòókù rẹ́rìn-ín. Èyí tó burú jù ni pé àwọn ọmọ iléèwé ń wò wá láti ojú fèrèsé, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ṣẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń ní kó kúnlẹ̀ nílé ìwé. Nígbà tí mo wọ kíláàsì mi, ọmọbìnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ bi mí tàánútàánú pé, "Aunty, wetin you do?"

Mo kọ́gbọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí dúró kí ènìyàn bí igi, mo ń ju "good morning" sí àwọn tó lè bí mi lọ́mọ. Kò sí ẹni tó bínú sí mi. Èmi nìkan ni ara ń ni. Ní alẹ́, bí mo bá jókòó sínú yàrá kan ṣoṣo tí mo gbà, ó máa ń ṣe mí bíi pé mo ti gbàgbé nǹkan síbì kan, n kò sì rántí ibẹ̀. Ìlú náà kò ṣe mí ní ibi, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n kọ́ mi nílé.

Àlájà Sífáwù ló gbà mí lọ́wọ́ ìyẹn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, wọ́n sì ti ń ta aṣọ ní ọjà Creek Road kí wọ́n tó bí mi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ìsọ̀ wọn, mo ń fi Pidgin mi tí kò tíì jinná ná àǹkárá, ni wọ́n bá yọjú láti ẹ̀yìn aṣọ.

"Ìwọ ọmọ yìí, Yorùbá ló ń rùn lẹ́nu ẹ bẹ́ẹ̀ yẹn o. Ọmọ ibo ni ẹ́?"

Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó dáhùn. Wọn ò wo ilẹ̀. Wọn ò bi mí pé kí ló jábọ́. Wọ́n kàn ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Dìde, jàre. Ṣé àwọn ará ilé ń ṣe dáadáa?" Díẹ̀ ló kù kí n sunkún sórí aṣọ olówó iyebíye.

Láti ìgbà náà, bí Sátidé bá ti dé, n ó wọ ọkọ̀ láti Elelenwo lọ sí Creek Road. N ó ra aṣọ tí n kò nílò tàbí kí n má ra nǹkan kan. Ọ̀nà náà jìn, gbogbo ìlú ni mo ń là kọjá, mo sì mọ ohun tí mo ń wá dáadáa: mo ń wá ẹni tí n ó kúnlẹ̀ fún.

Ti Màámi, orí fóònù ni, àfi ìgbà Kérésìmesì tí mo bá lọ sílé. Níbẹ̀rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń pe fóònù ní ẹ̀bá ọ̀nà ni mo máa ń lọ, n ó pe aládùúgbò wa ní Ìkìrun, wọn á sì ránṣẹ́ sí Màámi. Mímí wọn ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́, nítorí wọ́n ti sáré wá. Nígbà tí fóònù alágbèéká dé, ó di ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. N ó ní, "Màámi, mo wà lórí ìkúnlẹ̀ o," bí gbogbo wa ṣe máa ń sọ lórí fóònù, àmọ́ tèmi kì í ṣe àsọlásán. Nínú yàrá mi níbẹ̀, láìsí ẹni tó ń wò mí, n ó kúnlẹ̀ sórí ẹní. Wọn á ní, "Dìde, ọmọ mi," n ó sì dìde.

Irú ló gbé mi dé gáréèjì Rumuokoro lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ mi já. Mo ti di ẹni ọdún púpọ̀ ní ìlú náà nígbà yẹn. Màámi máa ń fi ẹ̀gúsí àti irú rán awakọ̀ kan sí mi, nítorí wọn ò gbà pé ènìyàn lè rí irú gidi jẹ lẹ́yìn odò Ọya. Awakọ̀ náà pè mí láti gáréèjì pé òun kò ní dúró pẹ́. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, omi kún gọ́tà. Mo fò ó. Bí mo ṣe fi ẹsẹ̀ òsì talẹ̀ láti tún sáré, mo gbọ́ "pàá!", ó sì dà bíi pé ẹnì kan fi igi gbá mi ní gìgísẹ̀ láti ẹ̀yìn.

Mo yí padà tìjàtìjà. "Who kick me?"

Obìnrin tó ń sun bọ̀lì létí gọ́tà náà dá abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ dúró. "Aunty, nobody kick you o."

"Somebody kick me!"

"I dey look you since. Nobody dey your back."

Mo fẹ́ rìn lọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ náà kò tẹ̀lé mi. Ó wà níbẹ̀, bàtà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dà bí aṣọ tí a fà lẹ́yìn. Obìnrin náà ló gbé àpótí rẹ̀ fún mi jókòó. Awakọ̀ wá mi dé ibẹ̀, ó gbé ẹrù Màámi lé mi lẹ́sẹ̀, ó sì bá mi dá mọ́tò dúró. Bí irú ṣe bá mi dé ọsíbítù nìyẹn, gbogbo àwọn tó jókòó níbẹ̀ ń di imú.

Dókítà ní iṣan ńlá tó so gìgísẹ̀ mọ́ ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ló já, àti pé iṣẹ́ abẹ ni wọn yóò fi rán an. Ó ní bí mo bá ṣọ́ra, n ó rìn. Bí n kò bá ṣọ́ra, òun kò lè ṣèlérí nǹkan kan. Gbogbo ènìyàn rò pé abẹ ló ń bà mí lẹ́rù. Àdúrà Màámi ni. Ẹsẹ̀ tí o fi lọ ni wàá fi bọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ṣe àmín sí láìronú wá jókòó sórí àyà mi. Báwo ni n ó ṣe gbé ẹsẹ̀ mìíràn wọlé tọ̀ wọ́n lọ? Báwo sì ni n ó ṣe sọ fún wọn pé ẹrù wọn ni mo sáré lọ gbà?

Mo pinnu pé n kò ní sọ, mo sì bẹ awakọ̀ náà kó má sọ. N ó kọ́kọ́ rìn, n ó rìn dáadáa, lẹ́yìn náà ni n ó lọ sílé.

Wọ́n rán ẹsẹ̀, wọ́n fi sínú ohun funfun tó le bí òkúta, wọ́n fún mi ní igi méjì tí mò ń kì bọ abíyá. Mama Ibinabo, ọmọ Kalabari láti etí omi, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, ló ń pọn omi fún mi, òun ló ń dì mí mú kí n má baà yọ̀ ní balùwẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ó gbọ́ tí mò ń bá Màámi sọ̀rọ̀. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ẹ̀rín tí mò ń fipá rín.

"You tell your mama?"

"No."

"Hmm. If na my own mama, she for don enter boat since."

Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo sì ti sọ fún Màámi lọ́jọ́ náà pé mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde. Mo wo ẹsẹ̀ mi lórí ìrọ̀rí, mo ní mo ti dìde.

Nígbà tí wọ́n tú ohun funfun náà, ẹsẹ̀ tó jáde níbẹ̀ bà mí nínú jẹ́. Ó ti gbẹ, ó ti funfun, ó kéré sí ìkejì rẹ̀. Wọ́n fi bàtà ńlá kan wọ̀ mí, wọ́n sì fà mí lé ọkùnrin tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní ìrìn lọ́wọ́. Ọmọ Edo ni, ó le bí ọ̀gá ológun. Ó ní, "Madam, hear me well. No squat. No kneel. No jump." Mo ní mo ti gbọ́. Mo sì gbọ́ lóòótọ́.

Ọ̀sán Sátidé kan ni Àlájà wá kí mi. N kò tíì rí wọn láti ìgbà tí ẹsẹ̀ mi ti já, nítorí n kò lè dé ọjà. Mo jókòó sórí àga, mo ti bọ́ bàtà ńlá náà kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí ojú ọgbẹ́. Mo gbọ́ ohùn wọn lẹ́nu ọ̀nà, "Ẹ pẹ̀lẹ́ nílé o," inú mi sì dùn débi pé mo dìde. Mo fẹ́ kí wọn ni. N kò ro ohunkóhun ju ìyẹn lọ. Ara mi ló parí èyí tó kù. Orúnkún ọ̀tún ń lọ sílẹ̀, gbogbo ìwọ̀n mi sì bọ́ sórí ẹsẹ̀ òsì tó wà níwájú, gẹ́gẹ́ bí mo ti ń ṣe é láti kékeré.

Pàá!

Lọ́tẹ̀ yìí, n kò bi ẹnikẹ́ni pé ta ló gbá mi.

"Yéè! Mo gbé!" Àlájà ju àpò ọsàn tí wọ́n gbé wá sílẹ̀. "Ta ló ní kí o kúnlẹ̀? Ṣé èmi ni mo ní kí o kúnlẹ̀? Mama Ibinabo, abeg come o! Mo ti já ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ!"

Dókítà wo ẹsẹ̀ náà, ó wo ojú mi. Ó bi mí pé kí ni mò ń ṣe. Mo ní mo kí ènìyàn ni. Ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìrètí mi sì kéré. Mo dùbúlẹ̀, mo ń bínú. Mo bínú sí gọ́tà, mo bínú sí awakọ̀, mo wá bínú sí ẹ̀kọ́ ilé mi. Gbogbo ọdún tí mo ti lò ní ìlú yìí, wọ́n ń sọ fún mi tẹ̀rín-tẹ̀rín pé ẹnu tó láti kí ènìyàn. N kò gbà. Mo ń gbé orúnkún mi la ìlú kọjá lọ wá ẹni tó mọ iyì rẹ̀. Wàyí o, kí ni mo rí gbà? Àwọn tí kì í kúnlẹ̀ ń rìn kiri lójú pópó, wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún ìyá wọn gẹ́gẹ́ bí mo ti bọ̀wọ̀ fún tèmi. Mo ro ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi sú mi, n kò sì rí ẹni tí mo lè dá lẹ́bi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí Àlájà bá tún wọlé láìròtẹ́lẹ̀, ara mi yóò tún fẹ́ lọ sílẹ̀.

Àlájà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ń bọ̀ wá kí mi, ẹnu géètì ni wọ́n ti máa ń pariwo. "Jókòó o! Èmi ni o! Má dìde o, jókòó!" Gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ Mama Ibinabo ń fi ṣeré, wọn á dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, wọn á máa ké "Jókòó o!" láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Yorùbá kan ṣoṣo tí wọ́n gbọ́ nìyẹn títí dòní.

Ìrìn padà wá bí ìgbà tí ọmọdé ń sùn, tí ènìyàn kò lè sọ ìgbà tí oorun gbé e lọ. Mo di irin fèrèsé mú, mo ń gbé gìgísẹ̀ sókè, ó ń kọ̀, mo ń gbé e. Ọkùnrin Edo náà dúró tì mí, kò bá mi kẹ́dùn rárá. Mo ń sunkún, ó ń ní, "Again." Àlájà ní, "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà," Mama Ibinabo sì ń fi epo gbígbóná ra ẹran ẹsẹ̀ tó gbẹ náà, ó jìnnà sí ojú ọgbẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo gbé korobá omi tèmi láti ẹ̀rọ dé yàrá. Omi náà dànù dé ìlàjì, àmọ́ èmi ni mo gbé e. Mo jókòó ti korobá náà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Mo padà sí kíláàsì. Mo ń tiro díẹ̀, dókítà sì ti sọ fún mi pé bóyá ni yóò fi lọ tán. Ọjọ́ kìíní tí ọmọ kan ṣẹ̀, ó ti ń lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Mo ní kó dìde. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò kúnlẹ̀ fún ìyà mọ́ nínú kíláàsì mi.

Ilé nìkan ni n kò tíì lè lọ. Kérésìmesì kọjá, mo ní iṣẹ́ pọ̀. Ọdún Àjíǹde kọjá, mo ní ọ̀nà kò dára. Òmíràn tún dé. Ẹsẹ̀ tó ń tiro kì í ṣe ẹsẹ̀ tí mo fi lọ, mo sì ń dúró kí ó di òun. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Ìsinmi kan, Màámi dákẹ́ lórí fóònù títí mo fi rò pé ó ti já.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí, ohùn wọn kéré. "Bí mo bá ṣẹ̀ ọ́, sọ fún mi. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Àlájà ní Creek Road. Wọ́n ti rí mi láti òkèèrè, wọ́n ti ké "Jókòó o!" kí n tó dé ìsọ̀. Mo jókòó, mo sọ ọ́.

Wọn ò bá mi fi pẹ̀lẹ́tù sọ̀rọ̀. "Ìwọ ń dúró kí ẹsẹ̀ pé. Ṣé ìyá ẹ náà máa dúró? Ojú lọ̀rọ̀ wà. Carry the leg wey you get, máa lọ sílé!"

Mo lọ.

Màámi jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo yọ ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Wọ́n ti dàgbà ju bí ohùn wọn ṣe ń sọ lórí fóònù. Mo gbìyànjú láti rìn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe, ìyẹn tún jẹ́ kó hàn sí i. Mo ti rò ó lọ́kàn bí mo ṣe máa ṣe é: n ó di òpó mú, n ó yọ́ orúnkún sílẹ̀ ní pẹ̀lẹ́. Mo di òpó mú.

"Dúró!" ni Màámi wí.

Wọ́n dìde, wọ́n fà mí jókòó sórí bẹ́ǹṣì tiwọn, àwọn fúnra wọn wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá mi wà nílẹ̀, èmi wà lókè. Mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀, wọ́n di orúnkún mi mú. Wọ́n bọ́ bàtà mi, wọ́n gbé ẹsẹ̀ òsì náà lé itan, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ ojú àpá náà láti gìgísẹ̀ lọ sókè.

"Torí èyí ni o ò ṣe wálé?"

"Ẹ ní ẹsẹ̀ tí mo fi lọ ni n ó fi bọ̀, Màámi. N kò fẹ́ kó dà bíi pé àdúrà yín kò gbà."

Omi ojú wọn ń kán sórí ẹsẹ̀ mi, ó gbóná.

"Ṣé ẹsẹ̀ ni mo bí ni?" ni wọ́n wí. "Èmi ni mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀, lọ́jọ́ tí mo bí ọ. Ìkúnlẹ̀ yẹn tó fún àwa méjèèjì. Mi ò tún fẹ́ rí i kí o kúnlẹ̀ fún mi mọ́."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, àti ti irú. Wọ́n ní bí wọ́n bá ti mọ̀ ni, iyọ̀ ni àwọn ì bá fi ránṣẹ́, nítorí ẹnikẹ́ni kì í sáré torí iyọ̀. Mo rẹ́rìn-ín, àwọn náà rẹ́rìn-ín, a sì tún sunkún.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń padà sí Pọ́tákọ́ọ̀tù, wọ́n bu omi tútù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bíi ti àtijọ́. Orúnkún mi fẹ́ lọ sílẹ̀, wọ́n sì ti gbá mi nígbọ̀nwọ́ mú kó tó lọ síbì kan. Wọ́n ní láti na apá sókè gan-an kí ọwọ́ wọn tó lè dé orí mi. Wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ tí o fi lọ..." wọ́n sì dákẹ́. Mo rí i tí wọ́n ń wá ọ̀rọ̀.

"Kò ní já mọ́, lágbára Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yòówù tí o bá ní, òun ni kí o fi máa wálé wá bá mi."

Lórí ìdúró ni mo ti ṣe àmín.